Àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ fún Rodiyat

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2025. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni obìnrin tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán.

Zinaida ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni ní Rọ́ṣíà, àwọn ìwé ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ wọn ló fi kọ́ ọmọ, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó mú un wá sí Calgary ní Canada, tí wọ́n sì fi í sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Rodiyat ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń wọṣọ fún un. Láràárọ̀, Rodiyat á kúnlẹ̀ kí i bó ṣe máa kí ìyá tirẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, torí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kí àgbà. Ìkúnlẹ̀ yẹn wọ Màmá Zinaida lára. Ó ní nínú àwọn ìwé òun, ẹni tó pa ọ̀tá kọ́ ni akọni. Akọni ni ẹni tó lè forí balẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i, tó sì lè gba ẹ̀bi rẹ̀ lójú gbogbo ayé láìsá. Rodiyat á rẹ́rìn-ín, á máa fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìtàn lásán ni.

Ọjọ́ kejì ààwẹ̀ Ramadan ni ọjọ́ Àìkú yẹn. Ó bọ́ sí ọjọ́ tí àwọn Kristẹni Orthodox máa ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ara wọn kí ààwẹ̀ tiwọn tó bẹ̀rẹ̀: àgbà á forí balẹ̀ fún ọmọdé, ọ̀gá fún ọmọ ọ̀dọ̀. Rodiyat kò mọ̀. Ó kúnlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tó máa gbójú sókè, Màmá Zinaida ti dìde lórí àga, ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń tẹ orúnkún rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Nílé àwọn Rodiyat, àgbà tó bá kúnlẹ̀ fún ọmọdé, èpè ló fẹ́ ṣẹ́. Ó fò dìde, ó ní, "Mama, no, ẹ jọ̀ọ́," ó sì fà á lápá sókè. Apá náà yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Arúgbó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dún bí igi gbígbẹ.

Ẹ̀gbọ́n Dúrótìmí, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ sáré dé. Nígbà tí ambulance lọ tán, ó fa Rodiyat sí kọ̀rọ̀, ó bi í bóyá PR rẹ̀, ìwé ìgbélùú Canada, ti jáde. Kò tíì jáde.

"Àbúrò, talk say na floor you meet am. Òótọ́ kì í ṣe ìwé ìgbélùú."

Ohun tí Rodiyat sọ fún mánéjà nìyẹn. Màmá Zinaida náà ti ọsíbítù dé pẹ̀lú POP lọ́wọ́, ó ní òun lòun dá ṣubú, kí wọ́n má dá ọmọ náà lẹ́bi.

Mánéjà gba àwọn méjèèjì gbọ́. Ó ní arúgbó tó ń dá dìde léwu: kí wọ́n fi bẹ́líìtì dè é mọ́ wheelchair, kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka ilé tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kò sì ní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Àjíǹde. Rodiyat fúnra rẹ̀ ló so bẹ́líìtì náà. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Màmá Zinaida gbé ọwọ́ tó kán lé e lórí, ó ní, "Ọlọ́run dárí jì ọ́."

Ìdáríjì kò tú bẹ́líìtì.

Lọ́jọ́ kejì, Rodiyat dé ẹnu ọ̀nà mánéjà, ó yí padà. Ó lọ ṣe àlùwàlá. Ó tún dé ibẹ̀, ó tún yí padà. Dúrótìmí rí i, ó ní ẹ̀sìn Rọ́ṣíà kì í ṣe ẹ̀sìn bàbá rẹ̀, kí ló kàn án?

"Irọ́ tèmi ni, ẹ̀gbọ́n," ni Rodiyat wí, ó sì kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n tú bẹ́líìtì. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kí Rodiyat máa lọ sílé títí wọn yóò fi pè é. Kò sẹ́ni tó tíì pè é. Bí fóònù bá dún nínú basement tó ń gbé, á sáré gbé e.

Ìwọ tó wà níbi ìṣínu ní àdúgbò Temple, tí dàbínù wà lẹ́nu rẹ, tí o ní òmùgọ̀ ni Rodiyat: dìde, lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí o sì kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ níwájú rẹ̀.