Ọjọ́ Tí A Lọ Wo Òkun Nígbà Tí Mo Ń Retí Àwọn Dókítà

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsùbáà tán ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ràmátù, gbéra ní Ìfànyìn. Láyé ìjọba àwọn ológun tó ń pe ara rẹ̀ ní Rẹfolúsọ́ọ̀nù ni. A ò lọ rajà, a ò lọ kí aláìsàn. Èmi gan-an ni aláìsàn. Àwọn dókítà ní Kùtọnú ti sọ fún mi pé kókó inú ọmú mi, jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ní àwọn máa fikùn lukùn lórí ìtọ́jú tó yẹ, kí n padà wá tí oṣù tuntun bá yọ.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi kì í kúrò lábẹ́ bùbá. N ò lè jẹun, n ò lọ sọ́jà Ìgòlò mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí, ó ní, “Sàlámátù, wọ́n ní kí o dúró dè wọ́n, wọn ò ní kí o kú dè wọ́n. Dìde, jẹ́ ká lọ wo òkun.”

Ọkọ̀ Pijó tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀ la wọ̀. Erùpẹ̀ pupa ojú ọ̀nà kùn wá bí osùn. Awakọ̀ ń pe gbogbo èrò ní kamaráàdì, ohun tí Faransé ń pe ẹni tí a jọ ń jà fún nǹkan kan.

“Ọmọ yìí,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, “ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń pe ìyá rẹ nílé?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, màmá. Ìjọba ló ní ká máa wí bẹ́ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Kùtọnú?”

“A fẹ́ lọ wo òkun.”

“Ẹ fẹ́ wò ó lásán?”

“Lásán ni.”

Ní Àjàṣẹ́ a jẹ àkàsà gbígbóná àti ẹja díndín. Ata wọn kò ta tó tiwa. Bí a ṣe ń gun afárá orí ọ̀sà, mo rò pé ibẹ̀ lomi pọ̀ sí jù láyé. N ò tí ì mọ nǹkan kan.

Mo gbọ́ ariwo òkun kí n tó rí i. Bí a ṣe yọ láàárín igi àgbọn, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Omi náà kò ní òdìkejì. Ó ń dìde fúnra rẹ̀, ó ga bí ògiri, ó wó lulẹ̀, ó tún ń dìde. “Súbúhánálláhì,” ni mo ń wí ṣáá. Àìsàn yẹn ti tóbi ju gbogbo nǹkan lọ lójú mi. Níwájú omi yìí, ó kéré.

Àwọn apẹja ń fa àwọ̀n tó ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán nínú omi. Obìnrin kan juwọ́ sí wa: “Mì wá!” Ẹ máa bọ̀ nìyẹn, lédè Gùn. A bá wọn fa okùn títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta mí, n ò sì rántí ọmú mi rárá.

Lẹ́yìn náà, lórí iyanrìn ni mo tó lè béèrè. “Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ní àwọn máa gé e ńkọ́?”

Ó gbọn iyanrìn kúrò lára ìró mi. “Kí wọ́n gé e. Ìwọ ni mo fẹ́ mú lọ sílé.”

Ó sunkún, mo sunkún, ariwo òkun bo ẹkún wa.

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Ìfànyìn. Mọríyámọ̀, ọmọ mi obìnrin, tí n ò tí ì jẹ́ kó gbọ́ nípa àìsàn náà, sáré wá pàdé wa. Mo mú un jókòó, mo sọ ọ́ fún un. Ìrìn àjò yẹn ló kọ́ mi pé ẹni tó ń retí ìròyìn ṣì wà láàyè.

Oṣù tuntun yọ. Àwọn dókítà pinnu, wọ́n gé e, mo lo oògùn wọn. Mọríyámọ̀ náà ti bímọ báyìí. Ibi tí àpá mi wà láyà lọmọ náà máa ń gbórí lé tó bá ń sùn.