Ààwẹ̀ Tí A Fi Pamọ́ Gun Òkè

Àwa mẹ́ta la jọ kéú nílé kéú kan náà ní Ìwó. Nínú àwọn méjì yòókù, ọ̀kan ń ránṣọ, èkejì ń kọ́ ọmọ níwèé, Télọ̀ àti Tíṣà la sì ń pè wọ́n. Kò sí ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún nínú wa. Tíṣà ló ní ká lọ gun òkè àpáta kan tó wà lẹ́yìn oko àwọn àna òun lápá Kuta, nítorí ó ti sú u pé ibi ìsìnkú nìkan la ti ń ríra.

Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Òun ni ìkẹfà nínú mẹ́fà tí a máa ń gbà lẹ́yìn ọdún ìtúnu, oṣù sì ń parí lọ, kò sí ọ̀la tí mo lè sún un sí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àlùfáà tó kọ́ wa ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń polongo ààwẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀ranyàn, ẹ̀san rẹ̀ ló ń fi ṣòfò.

Kẹ̀kẹ́ já wa sílẹ̀ létí oko, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ibi tí a ti sinmi, Tíṣà tú búrẹ́dì àti mọ́ínmọ́ín. Mo ní inú mi kò fẹ́ nǹkan. Télọ̀ gba tirẹ̀, ó dì í sínú ọ̀rá, ó ní ó dìgbà tó bá yá. Tíṣà ní ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e lọ fún, pé ọkùnrin tó bẹ̀rù ìyàwó tó báyìí kò yẹ lẹ́ni tó ń gun òkè.

A dé ṣóńṣó òkè lọ́sàn-án. Atẹ́gùn tutù, òrùlé Kuta tò nísàlẹ̀, ọ̀nà oko tí a gbà pọ́n láàárín ewé. Nígbà tí àkókò ìrun tó, Télọ̀ gbé gbogbo omi rẹ̀ kalẹ̀ ká fi ṣe àlùwàlá. Mo rò pé ọ̀làwọ́ lásán ni. Èmi ni mo ṣe imáàmù. Nígbà tí mo sálámà tán, mo bojú wẹ̀yìn, orí Télọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Tíṣà fọwọ́ kàn án, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Òógùn tútù bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. A mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ń ṣe é. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ó lo oògùn rẹ̀ ní sààrì, tó sì ń gba ààwẹ̀ bíi tèmi. Oògùn láìsí oúnjẹ ti fa ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀ jù. Tíṣà fa ìgò mínírà kan yọ nínú àpò, ṣùgbọ́n Télọ̀ yí ojú kúrò.

Ó ní, “Ó ku ọ̀kan yìí. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀.”

Ìsàlẹ̀ jìnnà, fóònù wa kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí kò bá mu nǹkan níbẹ̀, òkú rẹ̀ la máa gbé sọ̀kalẹ̀. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀ranyàn, pé Ọlọ́run kò ní kó fi ẹ̀mí wewu nítorí rẹ̀.

“Ó rọrùn fún ẹ láti sọ. Ìwọ kọ́ lò ń gbà á.”

Mo ní, “Ìkẹfà tèmi náà nìyí.”

Mo gba ìgò náà, mo ṣe Bisimilá, mo mu ún lójú rẹ̀, mo sì gbé e sí i lẹ́nu. Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu.

Ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó jẹ búrẹ́dì lé e. Ọwọ́ rẹ̀ dẹ́kun gbígbọ̀n, ó béèrè fìlà rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Tíṣà tó jókòó.

“Ẹ̀yin méjèèjì ò dáa. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jẹun níwájú yín bíi kèfèrí.”

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

A rọra ń sọ̀kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó béèrè bóyá ààwẹ̀ mi tó bàjẹ́ dùn mí. N kò purọ́, mo ní ó dùn mí díẹ̀. Ó ní ó dun òun náà. Bí a ṣe ń kẹ́dùn ààwẹ̀ lọ nìyẹn, mo sì ń ṣe Àlùhámúdù ní gbogbo ìṣísẹ̀, nítorí ẹni tí a jọ ń kẹ́dùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn.