Ọrùn Ló Ń Dùn Mí, Ọ̀gá Ní Mò Ń Yínmú Sí Òun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tójú mi rí, torí títí dòní, bí mo bá rántí ẹ̀, inú mi ṣì máa ń ru!

Bí ọdún 1993 ni. Mò ń bá ọkùnrin kan tẹ taipuráítà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní àdúgbò Mayfair, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń gbé prójẹ́ẹ̀tì wọn wá. Àwa méjì là ń tẹ̀wé níbẹ̀: èmi àti Ìyá Ràfíù, àgbàlagbà obìnrin tó ń ti Modákẹ́kẹ́ wá. Orí tábìlì la máa ń tẹ́ ìwé tá à ń wò sí, a ó wá dorí kodò láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo fi òrí pa á títí, kò gbọ́. Ó wá le débi pé mi ò lè yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ sọdá títì, mi ò rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lápá òsì. Díẹ̀ ló kù kó gbá mi! Ọlọ́kadà tún ní ṣé mo fọ́jú ni.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kọ́, obìnrin tó ń tọ́jú eegun àti iṣan ló yẹ̀ mí lọ́rùn wò. Ó ní bí mo ṣe ń tẹrí ba ló fà á. Ó ní kí n gbé ìwé tí mò ń wò dúró, kó bá ojú mi dọ́gba. Kí n máa fa àgbọ̀n sẹ́yìn láìgbé orí sókè, kí n kà dé márùn-ún kí n tó tú u sílẹ̀. Kí n máa yí èjìká sẹ́yìn. Àmọ́ bó bá ti ń dùn mí gan-an, kí n dúró.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń fa àgbọ̀n mi sẹ́yìn jẹ́jẹ́ lórí àga, lọ̀gá bá rí mi.

"Èmi lò ń yínmú sí?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ọrùn mi ni mò ń tọ́jú."

Ṣé ó gbọ́? Ó ní ọ̀lẹ ni mí, pé àwọn tó ń roko ní Ìpetumodù ńkọ́, ṣé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni? Ó ní kí n kó ẹrù mi máa lọ! Lójú kọ́sítọ́mà! Ẹ gbà mí o, ṣé ó ra ọrùn mi mọ́ taipuráítà ni?

Ìyá Ràfíù, tí kì í dá sọ́rọ̀ ẹnikẹ́ni, bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. "Ọ̀gá, ó ti pẹ́ tí mi ò ti lè ru omi mọ́. Ọrùn náà ni. Tí ọmọ yìí bá ń lọ, àwa méjèèjì la jọ ń lọ."

Ló bá dìde, lòun náà bá ń fa àgbọ̀n sẹ́yìn!

Prójẹ́ẹ̀tì kún orí tábìlì, ta ni yóò tẹ̀ ẹ́? Ọ̀gá kùn, ó ní ká jókòó. Ṣé ó bẹ̀ mí? Rárá o! Pẹ̀lẹ́ lásán kò jáde lẹ́nu ẹ̀. Àmọ́ a fi pákó gbé ìwé wa dúró, a sì ń ṣe eré ìdárayá wa lójú ẹ̀. Kó tó tó oṣù mẹ́ta, mo ti ń bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dorí kodò sí fóònù lónìí, irú ìrora yẹn lẹ ń fọwọ́ fà. Ẹ gbé e sókè! Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì yín pé ẹ ń tọ́jú ara yín. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Kí lọ̀gá tiyín sọ? Ẹ kọ ọ́ síbí, ká jọ bínú!