Àlejò Tó Ń Fa Kọ́tìnì

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe kọ ọ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀.

Bí mo bá rí ẹni tó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, ìyá ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Obì gbànja ló ń tà ní Sábó, ní Ṣàgámù. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, síbẹ̀ ọ̀rá ẹran ló máa ń kọ́kọ́ jẹ nínú abọ́ ọbẹ̀.

Bí a bá ń ṣa obì lọ́sàn-án, ọwọ́ rẹ̀ á kàn dúró. Á bo ojú ọ̀tún, á ní, "Ó ti dé. Ó tún ń fa kọ́tìnì sí ti òsì."

"Ta ni, màámi?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Àlejò, ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ má pẹ́."

Mo máa ń wẹ̀yìn, mi ò ní rí ẹnì kankan. Láìpẹ́, á ní kọ́tìnì náà ti ká sókè.

Lọ́jọ́ kan, àlejò kò lọ mọ́. Mo mú un lọ sí ọsibítù, dókítà sì wo ojú òsì náà títí.

"Ìyá, ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ó ti dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ojú yìí. Kò ní ríran mọ́. Ìkejì ni ká ṣọ́."

Màámi rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rá? Lára egungun yìí? Ẹ lọ tan ẹlòmíì."

Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ilé, ó di ọwọ́ mi mú pinpin. "Ìyàwó, má jẹ́ kí àwọn oníbàárà gbọ́. Ta ni yóò ra obì tí afọ́jú ṣà?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àpótí ìjókòó mi sí apá òsì rẹ̀. Mo ń yọ àwọn obì oníkòkòrò tí màámi kò rí kúrò, kí àwọn oníbàárà tó dé.