Yàrá Àgbàdo Wa ní Ìmọ́tà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí àwa ọmọ máa ń jókòó sórí àpò àgbàdo bí ọba, kò sí yàrá tí mo fẹ́ràn nílé wa ní Ìmọ́tà tó èyí tí a ń kó oúnjẹ adìẹ sí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé inú páálí lẹ ti ń rí ẹyin, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé àdúgbò wa nígbà náà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, wọ́n ń gbin àgbàdo, wọ́n sì ń sin adìẹ tó ń yé ẹyin.

Òjò apá ọ̀dọ̀ wa kì í jẹ́ kí àgbàdo tètè gbẹ. Ìyá mi kì í jẹ́ kí àpò kankan wọlé láìdán an wò. Á da hóró díẹ̀ àti iyọ̀ sínú ìgò gbígbẹ, á mì í dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà lára àgbàdo náà, ó ń padà sínú oòrùn nìyẹn. Orí pèpéle ọparun la máa ń to èyí tó bá gbẹ sí, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Lọ́dún kan, bàbá mi rẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ yàrá náà. Ó dán, ó wù ú débi pé ó kó ọparun dànù, ó ní ilé àwọn ti di ilé òyìnbó. Ìyá mi kìlọ̀ fún un, ó kàn rẹ́rìn-ín ni. A to àpò sórí ilẹ̀ lásán. Àṣé sìmẹ́ǹtì máa ń làágùn! Kí a tó gbọ́ òórùn, gbogbo àpò ìsàlẹ̀ ti bu. Oúnjẹ tí adìẹ wa ìbá jẹ la ẹ̀ẹ̀rùn já nìyẹn.

Ọkùnrin kan tó máa ń ra àgbàdo fún àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìẹ ní Ìkòròdú gbọ́, ó sì wá. Ó ní ká sá a, ká pò ó mọ́ èyí tó dára, òun á rà á. Bẹ́ẹ̀ àgbàdo tó bá ti bu, bí oòrùn tilẹ̀ gbẹ ẹ́, májèlé ni fún adìẹ. Mo mọ̀ pé bàbá mi fẹ́ gbà.

"Màmá, adìẹ ò kúkú lè sọ̀rọ̀," ni ọkùnrin náà wí.

"Èmi lè sọ̀rọ̀," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Ohun tí mi ò lè fún adìẹ tèmi, ẹ ò ní tọwọ́ mi gbà á fún ti ẹlòmíì."

Ó gbé ọkọ́. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbẹ́ kòtò fúnra rẹ̀. A ri gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn le, a ta púpọ̀ nínú adìẹ wa, bàtà tó ti jẹ nídìí ni mo wọ̀ lọ síléèwé. Bàbá mi gé ọparun tuntun, kò sì dárúkọ ilé òyìnbó mọ́.

Nígbà ìkórè tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin yẹn náà ló padà wá. Ó ti ń sin adìẹ tirẹ̀, ó wá bẹ ìyá mi pé kó bá òun tọ́jú oúnjẹ wọn, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọkàn òun balẹ̀ sí.

Ayé ti yí padà. Ilé iṣẹ́ ni oúnjẹ adìẹ ti ń wá lónìí, wọ́n ti rán ẹnu àpò pa, ẹni tó ń rà á ò mọ ẹni tó pò ó. Mi ò bá a jà, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí pé ọmọ ta ni mí, mo máa ń sọ fún wọn pé ọmọ obìnrin tó ri àgbàdo mọ́lẹ̀ ni mí.