Gàrí Tí Kò Ní Èènì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣì ń bá mi sọ ẹrù kalẹ̀ lórí, gàrí ni ìyá mi ń tà níwájú ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ló ti ń lọ rà á. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, gàrí tí mò ń sọ yìí kan débi pé bí ẹ bá bomi sí i, eyín yín á mọ̀ pé òun mu nǹkan.

Ìyá arúgbó kan wà ní agboolé wa. Opó ni, kò sì sí ọmọ rẹ̀ kankan nítòsí. Agolo gàrí kan péré ni agbára rẹ̀ ká lójúmọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi á wọn ọ́n títí orí agolo á fi ga ṣónṣó, á wá bu ẹ̀kúnwọ́ lé e ní èènì, á tún bù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ti inú agolo ni màmá arúgbó yìí ń mu lọ́sàn-án, èènì ló ń tẹ̀ ní ẹ̀bà lálẹ́. Á wá máa ṣàdúrà fún ìyá mi títí àwọn oníbàárà yòókù á fi máa kùn.

Ọjà wá gbówó lórí. Ìjọba ní àwa tí à ń tajà la fà á. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri, wọ́n kéde iye tí a gbọ́dọ̀ ta gàrí, iyọ̀ àti ṣúgà, wọ́n ní sójà á máa yí ká. Èmi jó lọ́jọ́ náà! Mo rò pé oúnjẹ ti pọ̀ nìyẹn. N kò mọ̀ pé iye tí wọ́n pè é kò tó iye tí ìyá mi fi ń rà á lóko. Kò sì lè kó ọjà pa mọ́, torí sójà ti da gàrí ẹnì kan nù sí títì lójú wa. Ìjọba ti sọ iye agolo, àmọ́ wọn ò mẹ́nu ba ti orí ṣónṣó, wọn ò sì dárúkọ èènì. Ìyá mi wá pátákó pẹlẹbẹ kan, ó ń fi gé gàrí orí agolo kó lè tẹ́jú.

Màmá na abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń retí èènì tí kò dé.

“Ìyàwó, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Ìjọba ni,” ni ìyá mi wí, ojú rẹ̀ wà ní títì nítorí sójà.

“Ṣé ìjọba ló ti ń bu èènì fún mi tẹ́lẹ̀ ni?”

Màmá bá tirẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ẹni tó bá fi èènì du oníbàárà rẹ̀, ìjà ló ń wá. Màmá kò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Ìyá mi bu gàrí sínú abọ́, ó ní kí n gbé e lọ fún un. Màmá ṣí i, ó dé e padà.

“Sọ fún ìyá rẹ pé mi ò tí ì di alágbe. Ẹni tó bá rajà ló ń gba èènì.”

Ìyá mi sunkún nígbà tí mo jíṣẹ́. Ó lọ kúnlẹ̀ fún màmá, màmá ní òun ti gbọ́, síbẹ̀ kò wá. Kò pẹ́, ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Ibefun, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ọmọ náà sọ fún wa pé títí dọjọ́ ikú màmá, ó ń béèrè ohun tí òun fi ṣẹ ìyàwó ilé òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí, n kò sì mọ ẹni tí ǹ bá bá wí.

Láìpẹ́ yìí, rédíò ní ìjọba tún fẹ́ já owó oúnjẹ wálẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi pàtẹ́wọ́. Èmi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Bí wọ́n bá fi ọjà sílẹ̀ báyìí, ebi ò ní jẹ́ ká gbádùn. Bí wọ́n bá sì fọwọ́ kàn án, mo mọ ohun tí ojú mi rí. Mo lọ ra gàrí, mo na abọ́ fún èènì. Ọmọbìnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín.

“Èènì kẹ̀, màmá? Nínú ọ̀wọ́ngógó yìí?”

Kò bá mi jà o, ọmọ dáadáa ni. Nígbà tiwa, ẹni tí kò bá rí èènì gbà á rò pé wọ́n ti kórìíra òun. Lónìí, ẹ̀yin ò tilẹ̀ retí rẹ̀ mọ́, ọkàn yín sì balẹ̀. N ò mọ èyí tó burú jù.