Sílíńdà Tí Kò Ní Àmì

Òórùn ọsàn àti ti irin tó ti dípẹtà ló kọ́kọ́ máa ń padà wá sí mi lọ́kàn, nítorí ọkọ̀ tó ń kó ọsàn láti ìlú wa ní Ọ̀ṣun wá sí Sango ló bá mi gbé alùpùpù bàbá mi wá. Wolé-wolé ni bàbá mi nígbà ayé rẹ̀. Àwọn abúlé tí mọ́tò kò lè dé ni ìjọba máa ń rán an lọ, alùpùpù tí wọ́n sì fún un kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn lórí títì. Ó ga, táyà rẹ̀ ní eyín bí ayùn, ó lè la ẹrẹ̀ àti òkúta kọjá. Lẹ́yìn tí bàbá kú, ẹ̀yìnkùlé ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí adìyẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀. Àwọn àbúrò mi ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ní rárá, èmi ni màá tún un ṣe. Ìgbéraga ọ̀dọ́ ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú plọ́ọ̀gì.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Sango ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìgbà yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù bí olú ní ọ̀nà Ìdíròkò, tí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ sí tẹ́lẹ̀ wá di wúrà. Bí ẹ bá rí ilé mẹ́ta, wọ́n á ti kọ ọ́ sára ògiri méjì pé ilé yìí kì í ṣe títà. Èmi náà ra ilẹ̀ kan nítòsí Ìyànà Ìyẹsí. Ọjọ́ tí mo kó búlọ́ọ̀kù débẹ̀ ni mo bá ìpìlẹ̀ ilé ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Láti ìgbà yẹn, bí ènìyàn bá kí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, màá fọwọ́ kan àpò mi.

Kò sí mẹkáníìkì tó fẹ́ fọwọ́ kan alùpùpù náà. Sátidé kan tí mo tún fi pikọ́ọ̀pù gbé e kiri ni ọkùnrin kan dá èmi àti awakọ̀ dúró ní Ìyànà Ìyẹsí. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ṣùgbọ́n èékánná rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Ó yí alùpùpù náà po lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó rí ìbátan rẹ̀ tó ti sọnù.

"Bọ̀dá, ẹ má tà á o," ó ní. "Àwa kan wà ní Àtàn tá a fẹ́ràn irú èyí. Ẹ gbé e wá, a óò jọ tún un ṣe."

Mo bi í pé èló ni wọ́n máa gbà. Ó ní wọn kì í gba nǹkan kan, kí n ṣáà ra ohun tí wọ́n bá ní kí n rà. Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, tí òun náà ń gbé ní Àtàn, tún wá bu epo sí i. Ó ní, "Ẹni tí kò gba owó lọ́wọ́ rẹ, nǹkan mìíràn ló fẹ́ gbà."

Àgbàlá fóòmàn kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Inú ilé-iṣẹ́ irin ní Ọ̀tà ni bàbá náà ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Alùpùpù tirẹ̀, irú kan náà pẹ̀lú ti bàbá mi, wà ní igun ilé. Ó fi tapólì bò ó, kì í sì í ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Mo fura sí tapólì yẹn. Mo fura sí bó ṣe máa ń fi ìka ra gbogbo irin alùpùpù mi lára kó tó gbé e sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ lọ́jà. Nígbà tí wọ́n bá lọ fọwọ́ láti jẹun, màá mú ìṣó, màá fa àmì kékeré kan sí kọ̀rọ̀ ara irin kọ̀ọ̀kan. Tó bá di Sátidé tó tẹ̀lé e, màá ṣe bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, màá máa bẹ̀rẹ̀ kiri, màá máa wá àmì mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ bá mi wá kọ́kọ́rọ́ náà.

Oṣù mẹ́rin ni a fi ṣe é. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, mo yọ sí wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọn ò retí mi. Wọ́n ti to ẹ́ńjìnnì pọ̀. Mo wo ara sílíńdà, ìyẹn irin tí pístìnì ń sáré nínú rẹ̀. Àmì mi kò sí níbẹ̀.

"Bàbá, sílíńdà mi dà?"

"Ó ti sán," ni fóòmàn dáhùn, kò gbójú sókè. "Èyí dára jù ú lọ."

"Èyí tó sán náà ńkọ́?"

"Ó wà níbì kan."

Olùkọ́ wolẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé alùpùpù mi sínú ọkọ̀, mò ń lọ. Wọn ò bá mi jiyàn. Fóòmàn nìkan ló tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà. "Má tíì gùn ún," ó ní, "bíréèkì ẹ̀yìn kò tíì mú." Mo rò pé ọgbọ́n tó fẹ́ fi dá mi padà ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́, níṣojú àwọn èèyàn bíi mẹ́wàá, pé olè ni bàbá náà, pé ó jí sílíńdà mi tó dára, ó fi jákujàku rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gun alùpùpù náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ta á nípàá tó fi dáhùn, ohùn rẹ̀ rí bí ìgbà tí bàbá mi ń ti ọ̀nà abúlé bọ̀ wálé. Mo gba ọ̀nà Ìjù lọ. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, kò mú. Òkìtì yanrìn tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ló gbà mí. Ọwọ́ mi òsì ṣẹ́.

Nígbà tí olùkọ́ gbọ́, ó wá kí mi nílé. Ó gbé àpò kan dání. Sílíńdà tó sán ló wà nínú rẹ̀, àmì ìṣó mi sì wà lára rẹ̀ ketekete.

"Bàbá ní kí n má sọ," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. A gbé èyí fún wẹ́dà ní Sango bóyá yóò lè jó o, kò ṣeé ṣe. A wá irú rẹ̀ dé Abẹ́òkúta, a ò rí. Tinú máṣíìnì Bàbá fúnra wọn, èyí tó wà lábẹ́ tapólì, ni wọ́n yọ fún yín. Ojú wọn ti ń ṣú, wọn ò lè gùn ún mọ́, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀."

Mo gba Àtàn lọ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ mi lọ́rùn, mo dọ̀bálẹ̀ bí mo ṣe lè ṣe é. Fóòmàn ní kí n dìde.

"Mo mọ̀ pé ò ń fi ìṣó sàmì," ó ní. "Láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ojú mi kò rí i, ìka mi ló kàn án."

"Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí, sà?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ojú á tì ọ́, o ò ní wá mọ́. Iṣẹ́ kò sì tíì parí."

Nígbà tí ọwọ́ mi san, ó bá mi tún bíréèkì náà ṣe. Mo gbé bàbá náà sẹ́yìn alùpùpù, a jọ lọ dé Ìjù, a jọ padà. Ó di èjìká mi mú títí a fi délé. Mi ò lè ya ẹnu mi sọ fún un pé mo ti pè é ní olè níbi iṣẹ́, níwájú ará àdúgbò rẹ̀ àti àwọn mìíràn.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí tí bàbá náà ti kú. Mo padà lọ bá àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi níbi iṣẹ́, mo sọ òtítọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan ti kúrò níbẹ̀, àwọn tó kù sì ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mi ò mọ ọjọ́ tí òtítọ́ tèmi yóò bá irọ́ mi. Ní ọdún tó kọjá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ìyànà Ìyẹsí, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń kìlọ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé kó má gbé alùpùpù rẹ̀ lọ sí Àtàn, pé bàbá kan wà níbẹ̀ rí tó máa ń jí irin inú ẹ́ńjìnnì pààrọ̀.

Mo ní irọ́ ni.

"Ta ló sọ fún yín pé irọ́ ni?" ó bi mí.

"Èmi ni mo pa á," ni mo dáhùn.

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, ó sì kọjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ń bá ìtàn náà lọ.